Ọwọ́ Òsì Níwájú Àlejò

Bí àlejò bá wá wo bí a ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ìwé wa, gbogbo wa la máa ń na ọwọ́. Olùkọ́ á bi ìbéèrè, ọwọ́ á sì kún kíláàsì fọ́fọ́. Ẹni tó bá mọ ìdáhùn á na ọ̀tún, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á na òsì, olùkọ́ á sì máa pe àwọn tó na ọ̀tún nìkan. Àlejò á mi orí, á ní irú àwọn ọmọ wo rèé, kò sí olódo kankan láàárín wọn. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ ní ìlú wa. Màmá mi ṣe é nígbà tirẹ̀, ó sì ní òsì lòun na láti ọdún tóun wọlé títí di ọdún tóun jáde.

Èmi kì í na òsì. Pei Ruolan lorúkọ mi, kò sì sí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù mí lọ ní kíláàsì wa. N kò fi ń yangàn, bó ṣe rí nìyẹn. Àtikékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ lórí rédíò nígbà tí mo bá ń bó aáyù fún màmá mi ní ìdí àdògán, títí ó fi wọ̀ mí lára. Ìdí nìyí tí inú fi bí mi nígbà tí Olùkọ́ Miao, tó ń kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tó kù díẹ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà dé, tó ní lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá jókòó tì wá ní kíláàsì, òsì ni kí n na.

Mo ní, "Olùkọ́, mo mọ gbogbo ìdáhùn ọ̀hún."

"Ta ló ní o ò mọ̀ ọ́n? Keyi ló máa dáhùn. Ọ̀gá ilé-ìwé máa wà lẹ́yìn kíláàsì, wọ́n fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ àbúrò wọn. Na òsì ẹ, kí o pa ẹnu mọ́, kí ọjọ́ náà lọ geere. Èmi ni mo máa dárúkọ ẹni tó máa lọ sí Amẹ́ríkà. Ìwọ ni mo máa dárúkọ. Ṣé ó yé ẹ báyìí?"

Ó yé mi. Ẹnì kan ṣoṣo nínú kíláàsì wa ni yóò lọ sí ilé-ìwé àwọn àlejò náà nígbà ìsinmi ọdún ẹ̀kọ́, láti gbé ọ̀dọ̀ wọn fún odindi oṣù kan, ìjọba ni yóò sì san gbogbo owó rẹ̀. Mo fẹ́ lọ. Mo fẹ́ ẹ bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń fẹ́ oúnjẹ. Ní àdúgbò wa, ẹni tó bá dé Changsha, olú-ìlú Hunan, ìpínlẹ̀ wa ní Ṣáínà, ti rìnrìn àjò, tó bá darí dé, àwọn aládùúgbò á máa bi í pé báwo ni ibẹ̀ ṣe rí. Màmá mi tó ń ta núdù nísàlẹ̀ ilé wa kò tíì fi ojú kan ọkọ̀ òfuurufú àfi lókè. Mo ní ó ti yé mi, mo sì padà sí àyè mi.

Àwọn àlejò dé lọ́jọ́ Àìkú. Olùkọ́ wọn, Ìyá Pruett, jẹ́ arúgbó kan tó dé fìlà ńlá, tí kò gbọ́ ju "ẹ ǹ lẹ́" lọ nínú èdè wa. Ó ń kí gbogbo ènìyàn pé ẹ ǹ lẹ́, kódà ó kí ajá oníbodè. Wọ́n pín wọn fún wa, ẹnì kọ̀ọ̀kan sí ilé kọ̀ọ̀kan. Èyí tó já mọ́ mi lọ́wọ́ ń jẹ́ Brynn, ọmọbìnrin gíga kan tó ń jẹ ṣìngọ́ọ̀mù, tí kò sì fi bò rárá pé bàbá òun ló fipá rán òun wá. Mo na ọwọ́ sí i, ó bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n gbé àkísà tútù lé lọ́wọ́.

Ìyá àgbà mi ti wà ní ìdí ààrò láti àárọ̀. Ó se orí ẹja pẹ̀lú ata, ó se ẹsẹ̀ adìẹ, ó se gbogbo ohun tí à ń sè fún ẹni tí a bá kà sí ènìyàn. Brynn jókòó, ó yọ bébà tútù kan jáde nínú àpò, ó fi nu igi ìjẹun wa, igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí a fi ń mú oúnjẹ. Ó fi nu etí àwo. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó fi nu àga tó ti jókòó lé tẹ́lẹ̀. Màmá mi ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo mọ ẹ̀rín màmá mi, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rín. Ìyá àgbà mú ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja, èyí tí àwa ọmọ ilé máa ń jà sí, ó fẹ́ fi í sínú àwo àlejò. Brynn fi ọwọ́ bo àwo rẹ̀. Búrẹ́dì tó gbé wá láti ilé wọn ló jẹ, ó sì fi igi ìjẹun ṣa ìrẹsì díẹ̀, ọwọ́ òsì ló fi ń ṣa á.

Ìyá àgbà wò ó títí. Ó ní, "Òsì ló fi ń jẹun. Ṣé kò ní ìyá nílé ni?"

Mo ní, "Bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wọn nìyẹn, Ìyá àgbà."

Ó fi orúkọ ìkẹ́ mi pè mí. "Lanlan, tó bá jẹ́ ìwọ ni, igi ìjẹun yìí ni mo máa fi ṣán ọ lọ́wọ́."

Brynn bi mí pé kí ni arúgbó sọ. Mo ní ó ní kó jẹun dáadáa.

Nígbà tí a wọ yàrá, ó wo àwọn ìwé mi tí mo tò sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ó bi mí bóyá à ń ṣe nǹkan kan láyé wa yàtọ̀ sí ìwé kíkà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, a tún máa ń tọ́jú àwọn àlejò tí kò moore. Gẹ̀ẹ́sì tó dán mọ́rán ni mo fi sọ ọ́, kó má baà ṣe bíi pé òun kò gbọ́. Ó gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni ogun ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín èmi àti ẹ̀.

Kì í ṣe èmi nìkan ni wọ́n bí nínú. Ní ilé-ìwé, nígbà tí orin ìtọ́jú ojú bá dún, tí gbogbo wa di ojú, tí à ń fi ìka pa ìpéǹpéjú bí a ti ń ṣe láti kékeré kí ìwé kíkà má baà ba ojú wa jẹ́, Brynn àti ọmọkùnrin onírun pupa kan tó ń jẹ́ Dalton á dìde sórí àga, wọ́n á máa fi fóònù ká wa sílẹ̀, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a bá gbé orí lé tábìlì láti sùn lọ́sàn-án, wọ́n á rọra yọ́ wá, wọ́n á ya àwòrán ẹni tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin wa sọ Brynn ní Òpó Iná. Tó bá ń kọjá, wọ́n á ní ẹ yàgò o, ìjọba ti gbé òpó kan wá, kò mà sí iná lórí ẹ̀. À ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn àlejò, a sì ń bú wọn lábẹ́ ahọ́n, àwọn náà ń bú wa. Kò sí ẹni tó gbọ́ èdè ẹnì kejì tó láti jà, èmi nìkan ni mò ń gbọ́ tọ̀tún tòsì, gbogbo rẹ̀ sì dà lé mi lórí.

Ọjọ́ ẹ̀kọ́ pé. Ọ̀gá Dai wá láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, bàbá kan tó sanra, tí ọ̀gá ilé-ìwé fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé tíì fún. Wọ́n jókòó sẹ́yìn kíláàsì pẹ̀lú àwọn ènìyàn pàtàkì yòókù. Àwọn àlejò jókòó, kálukú ní ẹ̀gbẹ́ ẹni tó gbà á sílé. Ògbufọ̀ tó bá wọn wá ti jáde síta, ó ń bá awakọ̀ wọn jà lórí fóònù nítorí ọkọ̀ tí kò rí epo rà.

Olùkọ́ Miao kọ́ wa nípa àjọ̀dún ọkọ̀ odò, ẹ̀kọ́ tí a ti fi dánra wò títí tí Keyi fi mọ ibi tó yẹ kóun ti fi ọwọ́ gba irun sẹ́yìn. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi wá pé kí ló dé tí a fi ń ju ìrẹsì tí a fi ewé wé sínú odò. Ọwọ́ kún inú ilé. Mo na òsì mi. Ó pe Keyi, Keyi dìde, ó dáhùn bí ẹ̀rọ pé kí ẹja má baà jẹ òkú akéwì àtijọ́ tó kú sínú odò ni. Ọ̀gá ilé-ìwé mi orí. Olùkọ́ tún bi òmíràn, ó sì rẹ́rìn-ín sí àwọn àlejò pé kí àwọn náà dáhùn tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n.

Brynn mọ̀ ọ́n. Nínú ọkọ̀ tó gbé wọn wá ló ti ka ọ̀rọ̀ àjọ̀dún náà, ó sì na ọwọ́. Òsì ló na, ọwọ́ tó fi ń ṣe ohun gbogbo. Olùkọ́ Miao gbójú kọjá lórí rẹ̀, ó pe Dalton onírun pupa tó na ọ̀tún. N kò rò pé ó mọ̀-ọ́n-mọ̀. Ojú olùkọ́ wa ti kọ́ bí yóò ṣe fo òsì, kò sì rántí pé ẹnikẹ́ni wà láyé tí kò mọ òfin náà. Ìbéèrè míì dé, Brynn tún na òsì, olùkọ́ tún fò ó. Ó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ọrùn Brynn pọ́n. Ó na ọwọ́ náà sókè débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. Olùkọ́ pe Keyi.

Ìgbà yẹn ni Brynn yí ojú ká. Ó wo ìlà tó wà níwájú wa, ó wo ti ẹ̀yìn, ó wá wo ọwọ́ mi tó wà lókè. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, àmọ́ ó ti dìde.

Bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ló ṣe bá olùkọ́ wa sọ̀rọ̀. Ó ní, "Kí ló dé tí o kì í pe ẹni tó bá na ọwọ́ òsì? Mo ti ń wò ọ́. O ò pe ẹyọ ẹnì kan nínú wọn. Ṣé eré lẹ̀ ń ṣe fún wa ni? Ọmọ yìí ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù ọ́ lọ, ilé ẹ̀ ni mò ń gbé, mo mọ̀. Kí ló ń fi òsì ṣe?"

Èmi ló nawọ́ sí.

Ìyá Pruett ń fa Brynn láṣọ pé kó jókòó, ìtìjú sì ti mú ojú rẹ̀ pọ́n. Àwọn ọmọ kíláàsì wa kò gbọ́ gbogbo rẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó jẹ́. Ọ̀gá Dai, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá, gbé ife tíì sílẹ̀, ó bi olùkọ́ pé kí ni àlejò wa ń wí. Olùkọ́ Miao yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu pátákó tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá Dai wá yíjú sí mi.

"Ọmọ yìí, ìwọ lo gbà á sílé. Kí ló sọ?"

Mo dìde. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Tí mo bá sọ òótọ́, Ọ̀gá Dai á mọ̀ pé kì í ṣe tèmi ni òsì, ọ̀gá ilé-ìwé á tẹ́, Keyi á tẹ́, inú mi á sì dùn sí i. Àmọ́ àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Olùkọ́ tó bá tẹ́ níwájú Òyìnbó, olùkọ́ mi ni. Ọmọ tó ń nu àga wa kó tó jókòó, ta ló fi jẹ adájọ́ lé wa lórí? Èmi lè bú Olùkọ́ Miao. Mo ti bú u púpọ̀ nínú ọkàn mi. Brynn kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Mo tún rántí ìlérí tó wà láàárín wa, n kò ní purọ́ pé n kò rántí rẹ̀.

Mo ní, "Ọ̀gá, ó ní inú ń run òun. Ata wa ló le jù fún un. Ó ní kí ẹ dákun, kí ẹ jẹ́ kóun lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì."

Ọ̀gá Dai bú sẹ́rìn-ín, ó ní ata Hunan ti tún mú ẹnì kan balẹ̀. Gbogbo ẹ̀yìn kíláàsì rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ilé-ìwé dé pẹ̀lú fúláàsì omi gbígbóná, ó di Brynn lápá mú jẹ́jẹ́. Brynn ń pariwo pé kò sí ohun tó ṣe òun, nọ́ọ̀sì sì ń gbá a léjìká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyá Pruett rò pé wọ́n lé e jáde nítorí àrífín ni. Ó dìde, ó ń tẹrí ba fún olúkúlùkù, ó ń bẹ̀ wá. Ọ̀gá Dai náà tẹrí ba fún un nítorí ata. Ẹ̀kọ́ ń bá a lọ. Keyi dáhùn gbogbo èyí tó kù, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Nígbà tí a ń jáde, Keyi sún mọ́ mi. Ó ní, "O mọ irọ́ pa o, Ruolan." Mo ní ta ni mo pa á fún.

Ní ìrọ̀lẹ́, Brynn dá mi dúró lórí àtẹ̀gùn ilé wa. Ó bi mí ohun tí mo sọ fún wọn, mo sì sọ ọ́ fún un, ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀.

Ó ní, "Nítorí tìẹ ni mo ṣe dìde."

"Nítorí tìẹ ni. Wọn ò pè ọ́, inú bí ọ, o wá ń wá ẹni tí o máa fi ṣe àwáwí. Láti ọjọ́ tí o ti dé, ṣé o ti bi mí ní ohun kan nípa ara mi rí?"

"Ojo ni ẹ́," ló sọ.

Mo ní kó kọjá lọ fọ ọwọ́ rẹ̀, oúnjẹ ti délẹ̀. Kò jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà kan dì mọ́ àwọn tó gbà wọ́n sílé, omi bọ́ lójú àwọn mìíràn. Brynn gbé àpò rẹ̀, ó wọ ọkọ̀, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì tí kò ti ní rí wa. Ìyá àgbà bu omi sí àga tó lò, ó fọ̀ ọ́. Ó ní ẹni tó nu àga wa, àwa náà á fọ tirẹ̀.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni Olùkọ́ Miao ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì àwọn olùkọ́. Mo ti sọ fún màmá mi pé wọ́n fẹ́ kéde orúkọ, ó sì ti fi ẹyin kún núdù oníbàárà tí kò san owó ẹyin. Olùkọ́ Miao ní kí n jókòó. Kò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó rí. Ó bó ọsàn kan, ó gbé e síwájú mi.

Ó ní, "Ohun tí o ṣe lọ́jọ́ yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Mo gbọ́ ohun tí ó sọ, mo gbọ́ ohun tí ìwọ sọ. Ọ̀gá Dai yìn wá gan-an." Ó kó èèpo ọsàn jọ. "Keyi ló ń lọ."

Mo ní, "Olùkọ́, ẹ ṣèlérí fún mi."

"Mo ṣe é. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi ná, má bínú. Tí Keyi bá lọ, kí ló dínkù níbí? Kò sí. Tí ìwọ bá lọ, ta ló kù fún wa? Ìgbà ìsinmi yẹn náà ni àwọn ará Kánádà ń bọ̀, wọ́n sì pọ̀ ju àwọn wọ̀nyí lọ. A ò mọ ohun tí àwọn yẹn náà máa dìde sọ. Irú ọmọ tó lè bo àṣírí ilé lójú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, a kì í jẹ́ kó jìnnà sílé. Mo ti sọ fún ọ̀gá. Ìwọ ni wàá máa gbufọ̀ fún wa."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń fún mi lẹ́bùn. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, pé ó rò pé ẹ̀bùn ni. Tó bá jẹ́ pé mo jẹ́ kó tẹ́ lójú Ọ̀gá Dai ni, bóyá wọn ì bá ti fi ọkọ̀ òfuurufú ra ẹnu mi kí n má baà tún sọ̀rọ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀tẹ́, ó wá so mí mọ́lẹ̀ nítorí mo gbà á. N kò ní sunkún níwájú rẹ̀ láéláé.

Mo dìde. Mo ní, "Olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ará Kánádà máa bọ̀. Ohun tí wọ́n bá sọ gan-an ni màá sọ fún Ọ̀gá Dai. Gbogbo ẹ̀."

Ó wò mí. Mo rò pé yóò gbá mi létí, àmọ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó na ọwọ́, ó mú ọsàn rẹ̀ padà, ó ní kí n máa lọ sí kíláàsì.

Láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti gbé àga mi lọ sẹ́yìn pátápátá, sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìgbálẹ̀. Keyi ti ń ra aṣọ tó máa wọ̀ lọ. Àwọn ará Kánádà ṣì ń bọ̀, ilé-ìwé kò sì tíì rí ẹlòmíì tó máa gbufọ̀.